Salúhà àti Àwọn Alágẹmọ Rẹ̀

Bí ẹ bá béèrè ilé Salúhà lábúlé wa, ẹni tẹ́ ẹ bi á kọ́kọ́ wò yín láti orí dé ẹsẹ̀. "Ilé ìyá alálágẹmọ?" ni yóò wí, á sì sún sẹ́yìn díẹ̀, àfi bí ẹni pé oògùn lẹ fẹ́ lọ gbà níbẹ̀. Ẹnu àwọn ará ibí yìí, Ọlọ́run nìkan ló lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀! Salúhà kò ṣe oògùn fún ẹnikẹ́ni rí. Ata ló ń lọ̀ tà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á sín ata pupa sínú okùn, á gbé e kọ́ sára ògiri títí yóò fi gbẹ, á wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú aáyù àti òróró, kò sì sí ilé tí wọn kì í ti fi ata rẹ̀ jẹun láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ìlú Kelíbíà. Ọkọ rẹ̀, Tìjání, tó máa ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe létí òkun, ti di olóògbé. Hédì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Faransé. Nínú ilé tó yí àgbàlá ká yẹn, òun nìkan ló kù.

Ọ̀fọ̀ ló mú alágẹmọ wọ ilé náà. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá kó wọ ilé tuntun, tàbí tí àìsàn ọmọdé kọ̀ tí kò lọ, tàbí tí aburú kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé, wọn a lọ ra alágẹmọ lọ́wọ́ lékulẹ́ja, wọn a jù ú sórí ẹyin iná kí èéfín rẹ̀ lé ojú ìlara jáde. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́ Tìjání tán, Zakíyà tó ń gbé ilé kejì wá bá a.

"Ìyá Hédì, ojú ló pa ọkọ rẹ. Ọkùnrin tó le koko báyẹn! Lọ ra alágẹmọ kó o sun ún, kí ojú náà má padà wá mú ìwọ alára."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, Zakíyà."

"Ta ló wá ru ẹ̀jẹ̀ náà sókè? Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń dédé ru ni?"

Salúhà lọ sọ́jà, ó ra ọ̀kan tí wọ́n fi okùn so lẹ́sẹ̀ mọ́ igi, ó fi etí ìborí rẹ̀ wé e wálé. Ó da èédú sínú àdògán, ó fẹ́ ẹ títí iná fi pọ́n, ó wá na ọwọ́ sókè iná náà. Ẹranko yẹn kò bọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kékeré méjèèjì di ìka Salúhà mú gírígírí, ó fi ojú kan wo iná, ó fi èkejì wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Tìjání, kò tíì sí ẹni tó di Salúhà lọ́wọ́ mú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ó da omi sí iná, èéfín bo àgbàlá, Zakíyà sì pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ó ti jóná, àbí?"

"Ó ti jóná," ni Salúhà dá a lóhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó purọ́ nítorí alágẹmọ nìyẹn.

Orí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà láàárín àgbàlá ló gbé e sí. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó rẹ búrẹ́dì sínú wàrà fún un, ẹranko náà kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ó bu omi sínú àwo sí tòsí rẹ̀, òùngbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níwájú omi. Ìgbà tó rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń lá ìrì lára ewé ló tó yé e. Láti ọjọ́ náà, kò tíì fẹnu kan kọfí tirẹ̀ kó tó wọ́n omi sórí ewé ọ̀pọ̀tọ́. Ó ń fi èèpo bàrà àti ìfun ẹja sábẹ́ igi kí eṣinṣin lè wá, ó sì ń fi àwọ̀n mú tata nínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Àgbàlagbà obìnrin tó ń sáré lé tata kiri! Ṣé ẹ ò rí i pé ó rọrùn fún wọn láti pè é ní àjẹ́?

Nígbà tó yá, ó tún ra abo kan lọ́jà kí wọ́n má baà sun ún, ó gbé e sórí igi kan náà, ó rò pé akọ á rí alábàárò. Ẹ̀rù bà á nígbà tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì di dúdú, wọ́n ya ẹnu, wọ́n ń mí fùù-fùù sí ara wọn bí ẹni tó fẹ́ jà. Àfìgbà tó fi aṣọ ìbora àtijọ́ kọ́ sáàárín kí wọ́n má rí ara wọn mọ́ ni ara wọn tó balẹ̀.

"Ẹ wò yín," ló wí fún wọn. "Èmi tí mò ń wá ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀ lójú méjèèjì nìyí. Ẹ̀yin rí ara yín, ẹ lẹ́ ò fẹ́."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Alágẹmọ kò fẹ́ràn ẹgbẹ́. Ìgbà tí ara abo bá yọ àmì tóótòòtó aláwọ̀ ìyeyè ló máa ń gbà kí akọ sún mọ́ òun, kò sì pẹ́ tó tún fi máa ń lé e. Salúhà á gbé aṣọ sókè, á tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Abo àkọ́kọ́ yẹn kú sí i lọ́wọ́, ẹ̀bi rẹ̀ sì ni. Ikùn rẹ̀ wú, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó ń fi ọwọ́ ha ilẹ̀ àgbàlá tó le bí òkúta, ó ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri. Salúhà rò pé ó fẹ́ sá lọ ni. Ó fi ajọ̀ tó fi ń jọ kúskúsù tó ń sè bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí, pẹ̀lú ẹyin nínú. Nígbà tí Salúhà lọ bá wọn ká ólífì lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó rí alágẹmọ kan nínú oko tó ti wa ihò sínú ilẹ̀ rírọ̀, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ó ké "Yéè!", ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tó kù. Wọ́n rò pé ejò bù ú jẹ. Ó dùn ún gan-an, nítorí ilẹ̀ ni ẹranko yẹn ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ó wa kòtò sí igun àgbàlá, ó jìn dé orúnkún, ó ru yanrìn láti etí òkun, ó pò ó mọ́ erùpẹ̀ oko, ó fi kún un, ó sì to òkúta yí i ká. Níbẹ̀ ni àwọn abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí láti ìgbà náà. Ẹ má rò pé bíi ti adìẹ ni o. Nígbà tí wọ́n bá ń múra àtiká ólífì ni abo á yé e, á kó erùpẹ̀ bò ó, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ẹnì kankan ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹyin náà á wà nínú ilẹ̀ nígbà òtútù, á wà níbẹ̀ nígbà ìrúwé, á wà níbẹ̀ nígbà ooru. Òjò tó máa ń fọ ilẹ̀ ìpakà mọ́ lẹ́yìn ìkórè, òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ooru, òun ni àwọn ọmọ ń dúró dè. Bó bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, wọn á jọ wa ilẹ̀ gòkè, wọn á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ju oríkèé ìka lọ.

Salúhà á tò wọ́n sórí igi kéékèèké, kálukú ní tirẹ̀, á máa fi kantíkantí ara ọ̀pọ̀tọ́ rírà bọ́ wọn. Bí wọ́n bá lágbára, á kó èyí tó pọ̀ jù lọ sínú oko ólífì. Kì í tà á. Ọkùnrin kan wá láti Kelíbíà, ó bẹ̀ ẹ́ kó ta ọ̀kan fún òun, òun fẹ́ kó wọ ilé tuntun.

"Irú ilé wo?" ni Salúhà bi í.

"Alájà méjì ni, Màmá. Ojú ayé ló ń bà mí lẹ́rù."

"Bí ojú ayé bá ń bà ọ́ lẹ́rù, kí ló dé tó ò kọ́ ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Ó lè bú èèyàn o, ẹ má fojú di í. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ti ilẹ̀kùn tán, ilé á dá páropáro. Á máa bá àwọn ẹranko yẹn sọ̀rọ̀, á sọ iye tí ata gbówó lé fún wọn, á sọ ẹni tó kú fún wọn. Ó mọ̀ pé wọn ò mọ òun. Ẹni tó ń wọ́n omi ni wọ́n mọ̀, bóyá wọn ò tilẹ̀ mọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ilé tó ń mí, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Wàhálà dé ní ọdún tí Hédì mú ìyàwó rẹ̀ wá. Wìdádì lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Tùnísì ni, ó lóyún nígbà náà. Alágẹmọ kan sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó gun èjìká ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń jẹun. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n padà sí Faransé, oyún náà bàjẹ́ kí oṣù tó parí. Ìyá Wìdádì ló sọ fún un pé ibi tó ti wá ṣe kedere, pé obìnrin tó ń sin alágẹmọ, kì í ṣe lásán. Láti ọjọ́ náà, Hédì kò mú ìyàwó rẹ̀ wálé mọ́, òun alára ò sì wá. Ọdún mẹ́fà. Ó ń fi ẹrù ránṣẹ́, ó ń pè lọ́jọ́ Jímọ̀, á béèrè ìlera, á ní ibi iṣẹ́ ń pe òun. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Yusrà. Inú fóònù ni Salúhà ti mọ ojú rẹ̀. Ọmọ náà á wò ó díẹ̀, á sì sá lọ.

Nígbà ìrúwé ọdún yìí, Hédì pè lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀.

"Màmá, a fẹ́ wá sílé lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Wìdádì ti gbà. Ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

"Àwọn nǹkan yẹn, Màmá. Bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, kò ní wọlé."

"Wọ́n ti lọ," ni Salúhà wí kíá. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ. Ẹ máa bọ̀."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Abo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ti yé ẹyin kí òtútù tó dé, kò sì yè é, ó kú. Akọ rẹ̀, Salúhà gbé e lọ sínú oko lọ́jọ́ kejì ìpè náà, ó fi í sórí igi, kò bojú wẹ̀yìn. Ẹyin tó wà nínú ilẹ̀ nìkan ló kù. Kò wí ìyẹn. Ta ni ẹyin inú ilẹ̀ ṣe ní nǹkan? Ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn rẹ̀: òjò àkọ́kọ́ kì í rọ̀ títí àwọn ará òkè òkun á fi wọkọ̀ padà. Á rí ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà á rí àwọn ọmọ inú ilẹ̀. Ẹ̀rín ń pa á bó ṣe ń rò ó.

Wọ́n dé. Mọ́tò wọn kún fún ẹrù débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Hédì ti ní ewú lórí. Wìdádì fi ẹnu ko Salúhà lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sórí igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ń yẹ ewé rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yusrà sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ní eruku àgbàlá pọ̀. Salúhà á se oúnjẹ, á gbé e wọlé fún wọn, á jáde lọ dá jẹ tirẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹ gbọ́ mi, ilé kún, ó sì tún dá wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dùn ún, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó ní abúlé kejì, wọ́n ní kó wá bá wọn se kúskúsù. Ó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó padà dé, Hédì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bò ó lójú.

"Màmá, ẹ dijú. Ẹ má là á o!"

"Hédì, o fẹ́ gbé mi ṣubú ni?"

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀. Ó yá, ẹ là á!"

Táìsì ni. Gbogbo àgbàlá, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, táìsì aláwọ̀ búlúù àti ìyeyè tí wọ́n ṣe ní ìlú Nábẹ̀l, ó ń dán gbinrin. Fáúsì, bíríkìlà abúlé wa, ṣì wà níbẹ̀ tó ń fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wìdádì dúró láàárín àgbàlá láìwọ bàtà. Salúhà wo igun. Òkúta kò sí níbẹ̀ mọ́. Táìsì ti bo ibẹ̀ bó ṣe bo gbogbo ibi tó kù.

"Kòtò erùpẹ̀ tó wà níbí ńkọ́?" ni Salúhà béèrè.

"A kò hú nǹkan kan," ni Fáúsì dáhùn. "Mo kàn tẹ̀ ẹ́ kó le ni, mo da sìmẹ́ńtì lé e. Erùpẹ̀ tó dáa ni, Ìyá Hédì, ó gba sìmẹ́ńtì ju gbogbo ilé lọ!"

"Eruku tán, Màmá," ni Hédì wí. Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ìgbà tó wà lọ́mọdé. "Ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wọlé ọkọ. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí lẹ fẹ́ kí ó wí? Bí ó bá la ẹnu, á ní láti sọ pé òun purọ́, pé ohun tí Wìdádì ń sá fún láti ọdún mẹ́fà ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó dúró sí. Wọ́n á kó ẹrù lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ, ọmọ mi," ni Salúhà wí. Ó wọ yàrá lọ, ó ní ó rẹ òun.

Zakíyà nìkan ni Salúhà sọ ọ́ fún. Ó gbọ́ ọ, ó fọwọ́ lu itan.

"Sọ fún un! Ọmọ tó o bí ni, kì í ṣe ọlọ́pàá."

"Kì í ṣe òun ni mò ń bẹ̀rù. Ìyàwó rẹ̀ ni."

"Ìyàwó tó bí ọmọ kan ṣoṣo, tó ń ṣe bí ìyá ọba? Fi í sílẹ̀ fún mi, màá bá a sọ ọ́."

"Zakíyà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pa ẹnu rẹ mọ́. Òjò kò tíì yá. Bí wọ́n bá ti lọ, màá fọ́ igun náà lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gan-an."

"Tó bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"Kò ní rọ̀."

Ohun tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Táìsì yẹn tutù, ó mọ́. Wìdádì gbé ẹní jáde, ó ń sùn lórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ń jẹun pọ̀ níta. Yusrà bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ń dé ẹsẹ̀ Salúhà, Salúhà á tì í padà. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà kò dúró kí wọ́n ti bọ́ọ̀lù fún òun, ó wá jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó ń bá a já ìdí ata. Ó fi ọwọ́ ata kan ojú, ó sunkún, ìyá bàbá rẹ̀ ló sáré lọ bá, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Salúhà gbé e mọ́ àyà, ó fi wàrà nù ún lójú, ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi tí ojú fi tì í. Lákòókò yẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò ní igun. Ó ń wo òkè, ó ń wá ìkùukùu.

Òjò rọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n wọkọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ yí padà, Salúhà gbọ́ òórùn erùpẹ̀ láti inú oko, òjò ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Gbogbo abúlé ń pariwo ayọ̀. Salúhà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń fojú rí i: omi ń wọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ilẹ̀ ń rọ̀, wọ́n ti ń jáde nínú ẹyin, wọ́n ti ń wa ilẹ̀ bọ̀ lókè. Ó wọ yàrá ẹrù, ó gbé òòlù. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, màá fọ́ ọ, kí wọ́n bínú, kí wọ́n lọ, ohun ẹlẹ́mìí ni. Ó jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Yusrà ń jó nínú òjò láìwọ bàtà, lórí igun yẹn gan-an. Hédì ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi ẹsẹ̀ ta omi sí i. "Màmá, ẹ wá wò ó! Ẹ wo bó ṣe ń ṣàn lọ, kò sí ẹrọ̀fọ̀ kankan!" Wìdádì dúró sábẹ́ òrùlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Salúhà kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Wìdádì yí ojú padà, ó rí òòlù.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi òòlù ṣe?"

Salúhà wo òòlù náà. Ó wo ọmọ tó ń jó.

"Álímọ́ńdì," ló wí. "Mo fẹ́ fọ́ álímọ́ńdì fún ọmọ."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ́ èèpo líle ara álímọ́ńdì. Yusrà wá pẹ̀lú ara tútù, ó gbé orí lé e lórúnkún, ó ń la ẹnu, Salúhà ń fi í sí i lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọ́ gbogbo èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Wìdádì ní, "Màmá, ó tó, inú á run ún," ṣùgbọ́n Salúhà kò lè dúró, nítorí bí òòlù bá dákẹ́, ó ń ṣe é bí ẹni pé òun á gbọ́ wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, wọ́n sunkún. Wìdádì pàápàá sunkún, ó di ọrùn rẹ̀ mú. Salúhà da omi sẹ́yìn mọ́tò wọn bí a ti ń ṣe, kí wọ́n lè lọ kí wọ́n bọ̀. Omi náà kò tíì gbẹ lójú ọ̀nà tó fi gbé òòlù. Fáúsì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyà kó jẹ ẹ́! Sìmẹ́ńtì náà le. Ó fọ́ táìsì, ó fọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, Zakíyà gbọ́ ariwo, ó sáré wá, kò sọ nǹkan kan, ó lọ mú irin wá, ó ń bá a fi gbé e.

Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ti wá dé abẹ́ sìmẹ́ńtì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ wà gòkè, nígbà tí wọn ò rí ibi jáde, wọ́n tàn kálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wá ẹ̀gbẹ́, wọn ò rí i. Erùpẹ̀ wà lẹ́nu wọn. Salúhà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka kan àyà wọn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, ó tẹ́ ìborí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tò wọ́n lé e. Kò sí ọ̀kan tó yè. Zakíyà jókòó tì í lórí táìsì fífọ́, ó ń sọ pé, "Ìyá Hédì, ó tó. Ó tó, jọ̀ọ́."

Fóònù dún. Ọwọ́ Salúhà kún fún erùpẹ̀, Zakíyà ló gbé e sí i létí. Hédì ni, wọ́n ti dé èbúté, ọkọ̀ ò ní pẹ́ ṣí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ ò ní gbà á gbọ́. A yà mu tíì lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń ta alágẹmọ níbẹ̀. Yusrà mú un, ó kọ̀, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀! Ó yá, Wìdádì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Wìdádì gba fóònù. "Màmá, mo mú un dání èmi náà. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn di ìka mi mú ni. Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé nítorí mi lẹ ṣe kó àwọn tiyín dànù. Bí a bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ lè bá Yusrà sin alágẹmọ díẹ̀? Mo ti ṣèlérí fún un."

Zakíyà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó yí ojú sí ògiri.

"Màmá àgbà!" Yusrà ló ti gba fóònù. "Mo ti ń ronú orúkọ tí màá sọ wọ́n. Orúkọ pọ̀ lẹ́nu mi o! Mélòó ni wọ́n máa jẹ́?"

Salúhà wo orí ìborí tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Wọ́n pọ̀," ló wí. "Wọ́n pọ̀, ọmọ mi. Máa dárúkọ wọn lọ."

Yusrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn.